Ọkọ̀ Tí Kì í Yéé Mu Omi

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni ọ̀rọ̀ yìí fi sùn sínú Ọlátúndé kó tó di pé ó ní kí wọ́n lọ pe ìyàwó Désiré wá fún òun. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1989 ni, nígbà tí oyé ń fẹ́ eruku pupa lu ilẹ̀kùn gbogbo ilé ní Kétu. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti dí. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí omi kò ti sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Bí Pélagie ìyàwó rẹ̀ bá fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu, ètè rẹ̀ ni omi náà yóò gbà ṣàn padà. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, gbogbo ẹni tó sì wọlé wá kí i ló mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

"Ẹ bá mi pe Ìyá Solange," ló wí. "Ohun kan wà nínú mi tí sàréè kò ní gbà. Bí mo bá gbé e wọlẹ̀, ilẹ̀ yóò pọ̀ ọ́ jáde. Ẹnu mi ni yóò gbà jáde lónìí."

Pélagie rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. "Ìyá Solange wo? Ìyàwó dókítà tó sá lọ yẹn?"

"Kò sá lọ," ni Ọlátúndé wí. "Lọ pè é."

Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí ni Bernadette, Ìyá Solange, dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ kó tó wọlé. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀ rí, ṣùgbọ́n àkàsà ló ń tà lẹ́bàá ọ̀nà láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ ọ́ níṣẹ́, ewé àkàsà kan ṣì lẹ̀ mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí tí Pélagie gbé fún un.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá Victorine. Wọ́n ní ẹ ránṣẹ́ sí mi."

"Mo ránṣẹ́. Ìyá Solange, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó dìde. Lẹ́yìn ìyẹn, ohunkóhun tí ẹ bá fi mí ṣe, ó tọ́ sí mi."

Ohun tó sọ fún obìnrin méjèèjì lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyí.

Kó tó di ọdún 1978 ni Ọlátúndé ti ní ọkọ̀ bàṣé kan, irú èyí tí wọ́n ń fi tàpólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí èrò àti ẹrù jọ ń fún ara wọn níbẹ̀. Kò rà á ní tuntun. Oníṣòwò kan ní Àjàṣẹ́ ló tà á fún un nígbà tí ọkọ̀ náà ti rìn títí tí ọ̀dà ara rẹ̀ fi ń ṣí bí èèpo iṣu. Àgbàdo ló fi ń kó láti Ìdígní wá sí Kétu, nígbà mìíràn yóò gbé e dé Pobẹ́. Kò pẹ́ tí orúkọ rẹ̀ fi yí padà lẹ́nu àwọn èèyàn: Ọlátúndé ọmọ alágbàdo di Onímọ́tò. Nígbà tí ariwo "Ehúzù dandan", ìyẹn ìyípadà dandan, gba ìlú, tí wọ́n ń yan àwọn tí yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀ Ìyípadà, wọ́n yàn án mọ́ wọn.

"Kì í ṣe ọgbọ́n mi ni wọ́n yàn," ló wí. "Ọkọ̀ mi ni wọ́n yàn. Èmi ni mo ń gbé wọn lọ sí ìpàdé."

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti dàgbà, bí arúgbó ló rí: bí o bá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn, ẹ̀yìn ni yóò máa dùn ún. Ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ ṣe wàhálà. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde ní ìdí rẹ̀, ó ń mu epo bí ẹni mu ẹ̀kọ. Mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe ni Sìdíkù, ọmọ ìdílé oníṣòwò kan ní Àjàṣẹ́ tó pàgọ́ iṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Kétu. Sìdíkù tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, ó ní àwọn òrùka inú rẹ̀ ti jẹ tán. Ọlátúndé ta ewúrẹ́, wọ́n pààrọ̀ wọn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí orí ẹ́ńjìnnì là. Ó fi oko rẹ̀ ní Odomẹ́ta dógò, wọ́n jó o pọ̀, ọkọ̀ rìn. Ó wá kan buwáàtì, àpótí irin tí àwọn jíà ń yí nínú rẹ̀. Jíà kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í ta jáde fúnra rẹ̀, tí Ọlátúndé fi ní láti máa fi ọwọ́ kan dì í mú bí ẹni di ajá mú. Nígbà tó yá, ó ń lọ̀ bí ẹni lọ òkúta. Aṣọ ìyàwó Pélagie, èyí tó wà nísàlẹ̀ àpótí láti ìgbà ìgbéyàwó wọn, òun ni wọ́n tà fi ṣe é lẹ́ẹ̀kìíní. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́bàá ọjà Ìdígní, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ọkọ̀ náà kọ gbogbo jíà, ó dúró.

Sìdíkù tú epo inú buwáàtì náà sínú abọ́, ó sì fi ìka wa eyín irin tó ti fọ́ jáde nínú rẹ̀, ó tò wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀gá, ẹ wo eyín rẹ̀. Èyí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Tuntun ni ẹ máa rà, Kútọnu ni wọ́n sì ti ń tà á. Iye rẹ̀ ju iye tí ẹ fi ra ọkọ̀ lọ."

"Ṣé kò sí àlòkù ni?"

"Ní gbogbo agbègbè yìí, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló jẹ́ ìbejì tiyín. Ọwọ́ dókítà ló wà. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì àti buwáàtì rẹ̀ ṣe. Ẹ bá mi gbọ́, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra irin, kí ẹ fi ìyókù bọ́ ọmọ."

Pélagie náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọlátúndé kò gbọ́. Ẹni tí wọ́n ti pè ní Onímọ́tò, báwo ni yóò ṣe padà máa ru àgbàdo lórí?

Dókítà tí Sìdíkù wí ni Désiré, ọkọ Bernadette. Kì í ṣe dókítà gan-an. Olùtọ́jú aláìsàn ni, ṣùgbọ́n òun ló ń gún àwọn ọmọ oko lábẹ́rẹ́, òun ló ń di ojú egbò, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Lọ́dún 1977, ibà fẹ́ẹ̀ gbé Victorine, ọmọ Ọlátúndé, lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Désiré fi ń wá sílé wọn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kò sì gba nǹkan kan.

"Mo fẹ́ kí ìyẹn hàn kedere," ni Ọlátúndé wí. "Ẹni tó gba ọmọ mi là ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Nínú oṣù kejì ọdún 1978, Ọlátúndé gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Adakplamẹ̀ láti bẹ àwọn ìbátan bàbá rẹ̀ kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ lórí ọkọ̀. Wọ́n fún un ní iṣu sísun, wọ́n sì bá a kẹ́dùn, òun nìyẹn. Ọ̀nà oko ló gbà padà. Oòrùn wà lókè gangan, ẹyẹ kankan kò ké. Ibi tí ọ̀nà ti rọ̀ mọ́ etí ọ̀gbun kan ló dé tó gbọ́ ohùn láti ìsàlẹ̀.

"Ta ló ń lọ níbẹ̀? Ẹ gbà mí."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ dókítà ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láàárín igbó, tí iwájú rẹ̀ rún mọ́ òkúta. Désiré wà nínú rẹ̀. Irin ti há ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ ìjókòó, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Pobẹ́ ló sọ fáwọn ará ilé pé òun ń lọ, ṣùgbọ́n ìpè aboyún kan mú un yà sí ọ̀nà oko; ẹran kan já sójú ọ̀nà, ó yà fún un, ọ̀gbun gbà á.

"Bàbá Victorine," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọlọ́run ló rán yín. Ẹ fún mi lómi."

Akèrègbè omi wà lára kẹ̀kẹ́ Ọlátúndé. Ó gbé e sí i lẹ́nu. Désiré mu ún tán pátápátá, ó fi ahọ́n lá ẹnu akèrègbè náà.

"Ẹ lọ pe èèyàn wá. Kí wọ́n mú ọ̀pá irin dání, kí wọ́n fi sún irin yìí kúrò. Ẹ má pẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò ní pẹ́," ni Ọlátúndé wí. Ó ní nígbà tí òun sọ ọ́, òótọ́ inú òun ni. Ṣùgbọ́n bó ti ń gun ọ̀gbun náà padà, ó bojú wẹ̀yìn. Abẹ́ ọkọ̀ ló kọjú sí i. Ó rí buwáàtì náà: ó mọ́, kò sán, kò gbá nǹkan kan, ó ń dán nínú oòrùn.

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ìwọ̀n kìlómítà kan, ó sì dúró sábẹ́ igi ẹmi kan, igi tó ń so èso òrí, tó dá dúró létí ọ̀nà. Ó ní oòrùn ló mú òun, kí òun kàn sinmi díẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí òun bá pe èèyàn, àwọn ọlọ́pàá jándáàmù yóò wá, wọn yóò wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí àgọ́ wọn, yóò sì jẹrà síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ló há, ẹsẹ̀ kì í pa èèyàn. Ẹlòmíràn yóò gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́. Bí ẹlòmíràn kò bá sì kọjá ńkọ́?

Obìnrin méjì tó ru igi ìdáná yọ láti inú igbó.

"Ẹ kú ìsinmi o."

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ìyá," ni Ọlátúndé wí.

Wọ́n yà sí ipa ọ̀nà abúlé wọn. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn títí ó fi pòórá. Ó ní nínú gbogbo ohun tóun ṣe, ìkíni yẹn ló máa ń jí òun lójú oorun jù. Ẹnu tó kí wọn, kí ló dé tí kò fi sọ ìyókù?

Òjìji igi ẹmi ti gùn kó tó dìde. Nígbà tó délé, Pélagie béèrè pé báwo ni Adakplamẹ̀. Ó ní wọn ò fún òun ní nǹkan kan. Pélagie gbé oúnjẹ fún un, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí ìtàn dé ibí, Pélagie fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rántí oúnjẹ náà.

"Ẹ máa wí," ni Bernadette sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọlátúndé mú ọkọ́ àti àpò sípánà, ó padà lọ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń lọ yọ dókítà náà. "Irọ́ ni," ló wí. "Bó bá jẹ́ pé mò ń lọ yọ ọ́, ọ̀pá irin ni mi ò bá mú, mi ò bá sì mú omi."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ igi ẹmi náà kọjá láìwo ọ̀tún, láìwo òsì, nítorí ibi tó ti jókòó lánàá ń tì í lójú. Ó dé ọ̀gbun. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Ìjókòó rin fún ẹ̀jẹ̀, bàtà kan há sábẹ́ irin, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Désiré ti já ara rẹ̀ gbà. Ipa ibi tó ti wọ́ ara rẹ̀ hàn lórí ilẹ̀ pupa náà, ó gun ọ̀gbun, ó bọ́ sójú ọ̀nà, ó sì kọrí sí Kétu. Ọlátúndé tẹ̀ lé e. Ó wá rí i pé àárín ipa táyà kẹ̀kẹ́ òun gan-an ni ọkùnrin náà ti ń wọ́ bọ̀, kò yà kúrò níbẹ̀ rárá, títí dé abẹ́ igi ẹmi.

Désiré fẹ̀yìn ti igi náà, ní ibi tí Ọlátúndé ti jókòó lọ́jọ́ àná. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

"Mo rí yín nígbà tí ẹ kọjá," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ bí ewé. "Mo pè yín, ohùn mi ò jáde. Mo mọ̀ pé ẹ máa padà wá. Àwọn yòókù dà?"

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Ẹ fún mi lómi."

"Mi ò mú omi dání."

Désiré mi orí, bí ẹni pé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ọlátúndé jókòó tì í. Abúlé àwọn obìnrin onígi kò jìnnà. Bó bá sáré, kò ní pẹ́ tí yóò fi débẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá pe èèyàn wá nísinsìnyí, dókítà náà yóò sọ fún wọn pé àná ni Onímọ́tò ti rí òun. Kí ni yóò sọ nípa àná? Ó ti rìn jìnnà jù, ó sì ń rò pé ẹni tó bá ti rìn jìnnà kò lè padà mọ́. Ó jókòó. Désiré a sùn díẹ̀, a tún jí.

"Ṣé wọ́n ti ń bọ̀?"

"Wọ́n ti sún mọ́ tòsí."

Ó béèrè bẹ́ẹ̀ títí. Nígbà kan ó di ọwọ́ Ọlátúndé mú, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò fi òun nìkan sílẹ̀. Kí oòrùn tó dé àtàrí, kò béèrè mọ́.

Ọkọ́ tí Ọlátúndé mú wá ló fi gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà. Ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn le, ó gbẹ́ ẹ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó sin ín síbẹ̀, ó da ewé gbígbẹ sórí rẹ̀, ó padà lọ sí ọ̀gbun lọ fi yanrìn nu ìjókòó ọkọ̀, ó sì sọ bàtà náà sínú igbó.

Lọ́jọ́ kẹta ó lọ bá Sìdíkù. "Ọkọ̀ dókítà wà nínú igbó. Ó ti gbé e jù síbẹ̀, ó ti sá lọ sí Nàìjíríà. Wá bá mi tú u kí ìjọba tó rí i."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tú u. Wọ́n gbé buwáàtì, orí ẹ́ńjìnnì àti àwọn písítọ́ọ̀nù sórí ọmọlańkẹ́, wọ́n fi ewé bò ó. Nígbà tí Sìdíkù ń yọ skúrúù abẹ́ ìjókòó, ó dá ọwọ́ dúró.

"Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ta nìyí?"

"Ẹ̀jẹ̀ ẹran ìgbẹ́ tí dókítà ń fi ọkọ̀ gbé kiri ni."

Sìdíkù padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó so gbogbo nǹkan náà mọ́ ọkọ̀ Ọlátúndé, iṣẹ́ náà sì mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlátúndé fẹ́ san án lówó, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. "Mi ò ní jẹ nǹkan kan lórí èyí." Láàárín oṣù náà ó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó padà sí Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ẹnìkan ti bi í bóyá ó gbúròó dókítà, ó sì ti fèsì pé wọ́n ní ó sá lọ sí Nàìjíríà. Gbólóhùn kan yẹn tó. Ìbẹ̀rù ló wà nílùú nígbà náà. Kò tíì ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ tí àwọn jagunjagun àjèjì já wọ Kútọnu, gbogbo ẹni tó bá kúrò nílé láìdágbére ni wọ́n ń fura sí. Nígbà tí ọdẹ kan wá rí egungun ọkọ̀ ìjọba nínú ọ̀gbun, tí kò sí buwáàtì nídìí rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ṣiyèméjì: dókítà ti tú ọkọ̀ ìlú tà, ó fi owó rẹ̀ sá.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Délégé, olórí wọn, béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ nǹkan kan. Ọlátúndé dìde láàárín wọn.

"Kàmáràdì délégé, mo rí i. Ọ̀nà Ìlárá ló wà, ó gbé àpò dání."

"Kò sẹ́ni tó fipá mú mi," ló sọ fún Bernadette. "Mi ò bá dákẹ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí n tẹ ìka sí i, mo tẹ̀ ẹ́."

Ìka yẹn ló lé Bernadette kúrò nínú ilé ìjọba. Ìka yẹn ló yọ ọ́ níṣẹ́ olùkọ́. Àwọn ọmọ iléèwé ń pe Solange ní ọmọ ọ̀tá ìlú títí tó fi kọ̀ láti lọ mọ́. Fún ọdún mélòó kan, lọ́jọ́ ọjà, Bernadette a máa lọ dúró ní Ìlárá, lẹ́nu ààlà, kó máa bi àwọn tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ bóyá wọ́n rí ọkùnrin kan tó ga, tó ní àpá lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọlátúndé mọ̀. Nígbà mìíràn, ọkọ̀ rẹ̀ ló ń wọ̀ lọ.

Nítorí pé ọkọ̀ náà ń rìn. Ó ń rìn ju bó ti rìn rí lọ. Jíà kẹta wọlé bí ọ̀bẹ wọ inú ọ̀pẹ̀yìnbó, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ rọ́rọ́. Ohun kan ṣoṣo ló wà: ó ń mu omi. Bí Ọlátúndé bá rọ omi kún un ní Kétu, kó tó dé Odomẹ́ta yóò ti gbẹ. Lórí ilẹ̀ Kétu tí kànga ti jìn, tí omi ẹ̀ẹ̀rùn ti wọ́n ju ẹ̀sáǹsì, epo ọkọ̀, lọ, omi ló wá ń ná an jù. Ó gbé e lọ bá mẹkáníìkì mìíràn ní Pobẹ́. Ìyẹn tú u, ó fi afẹ́fẹ́ dán an wò, ó tún un dì.

"Kò jò," ló wí. "Kò sí ibi tó ń gbà jáde. Mi ò mọ ibi tí omi náà ń lọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kó obìnrin oníṣòwò mẹ́ta láti Adakplamẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọgangan igi ẹmi, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Clémence gbá ara ọkọ̀ pé kó dúró.

"Onímọ́tò, ẹ fún ọkùnrin yìí lómi. Tiwa ti tán."

"Ọkùnrin wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn níbí. Ó ti ń béèrè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀gbun. A bu tiwa fún un, kò nawọ́."

Ọlátúndé sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí tàpólì. Obìnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ife omi kan wà lórí àpò gàrí, ó ti gbẹ. Clémence wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wo ojú Ọlátúndé, ó sì gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹsẹ̀ rìn dé Kétu. Láti ọjọ́ náà èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dín, nígbà tó sì di òpin ọdún, kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́ mọ́.

Ó gbé ọkọ̀ náà sẹ́yìnkùlé. Kò lè tà á. Wọ́n yọ bátìrì rẹ̀, táyà rẹ̀ jẹrà, síbẹ̀ láràárọ̀ ni Pélagie ń rí i tó ń bu omi ilé lọ rọ sínú rẹ̀, omi tí wọ́n fi owó rà. Nígbà tó bi í léèrè, ó ní, "Ó ń béèrè ni." Pélagie rò pé orí rẹ̀ ti ń dà rú. Òun fúnra rẹ̀ ti yọjú wò ó lẹ́ẹ̀kan, ní wákàtí kan lẹ́yìn tó rọ omi náà: inú rẹ̀ gbẹ táútáú, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì gbẹ. Kò tún débẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́wàá ni Ọlátúndé fi rọ ọ́, títí di ọjọ́ tí ọ̀fun òun fúnra rẹ̀ dí.

Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí. Afẹ́fẹ́ oyé ń mi fèrèsé. Pélagie ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń sunkún láìpariwo.

"Ìyá Solange," ni Ọlátúndé wí, "mi ò ní ẹnu tí mo lè fi bẹ̀ yín. Ẹ dárí jì mí."

Ohùn Bernadette lọ sílẹ̀.

"Kí ló sọ gbẹ̀yìn?"

Ọlátúndé di ojú. "Ó rán mi sí yín. Ó ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ má dúró de òun jẹun."

Ara obìnrin náà tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, títí iwájú orí rẹ̀ fi kan orúnkún rẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ó dìde, ó bu omi nínú ìkòkò tó wà ní kọ̀rọ̀, ó gbé ife náà sí Ọlátúndé lẹ́nu.

"Ẹ mu ún. Kì í ṣe ìdáríjì. Omi lásán ni."

Ó mu ún. Omi náà sọ̀ kalẹ̀. Ó mu ún tán.

Ikú tó tìtorí rẹ̀ jẹ́wọ́ kò dé. Bó ṣe rí nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ń jẹ ẹ̀kọ, ó ń jókòó. Bernadette ti lọ bá àwọn jándáàmù lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì ti hú ilẹ̀ lábẹ́ igi ẹmi. Wọ́n gbé Désiré wá sílé, wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú àwọn onígbàgbọ́, délégé tuntun sì dúró níbẹ̀, ó ka ìwé kan tó sọ pé ọkùnrin náà kò jalè, kò sì sá. Solange, tó ti di ìyálọ́mọ, ní kó tún un kà. Wọ́n wá Sìdíkù rí ní Àjàṣẹ́. Kò jiyàn, ó ní òun ti ń retí wọn láti ọjọ́ tóun ti rí ẹ̀jẹ̀. Pélagie ta ọkọ̀ náà fún àwọn alágbẹ̀dẹ. Nígbà tí wọ́n tú u, wọ́n bá omi nínú rẹ̀, ó kún dé etí, ó sì tutù. Lẹ́yìn náà Pélagie kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Victorine.

Nígbà tí Ọlátúndé lè dìde dúró, wọ́n mú un lọ. Ó lo oṣù méje látìmọ́lé. Ọdún náà ni gbogbo nǹkan ń dẹnu kọlẹ̀ nílùú, òṣìṣẹ́ kò rówó oṣù gbà, adájọ́ kò jókòó. Wọ́n ní kó máa lọ sílé títí wọn yóò fi pè é. Ó wá di ẹni tó ń gbé láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n tán. Láràárọ̀ ó ń kọjá níwájú àtẹ àkàsà Bernadette, ó ń kí i. Bernadette a jẹ́ ẹ. Kò fi ohun kan lé e.

Níbi tí àwọn awakọ̀ ń pé jọ sí ló ń lọ jókòó, tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ra ọkọ̀ àlòkù. Àwọn kan máa ń dìde kúrò níbẹ̀, àwọn kan máa ń gbọ́. Ohun kan náà ló fi ń parí rẹ̀:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, irin yóò jẹ, yóò sì fọ́, ẹ jẹ́ kó fọ́. Ẹ fẹsẹ̀ rìn. Ẹ ru ẹrù yín lórí, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá bá ọkọ̀ tó ṣubú lójú ọ̀nà, ẹ má wo ọkọ̀ náà. Ẹ wo inú rẹ̀, kí ẹ sì pariwo títí ẹnìkan yóò fi dé."